Ọ̀rẹ́ mi ti kú, ṣé kí n pa ohùn ẹ̀ rẹ́ lórí fóònù mi?

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ọjọ́ kan náà la ṣe fírídọ̀mù, nígbà tá a máa gba ṣọ́ọ̀bù a tún jọ gbà á ni, kòríkòsùn ni wá débi pé àwọn kọ́sítọ́mà ò mọ ẹni tó ni máṣíìnì wo. Ó kú lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ọmọ ọdún 4, ọ̀dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ mi lọmọ náà wà. Aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ fún un ṣì wà nínú báàgì ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Voice note ẹ̀ kún orí WhatsApp mi, mo máa ń gbọ́ ọ lálẹ́. Ọkọ mi ní kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, pé èèyàn kì í bá òkú tàkúrọ̀sọ. Tí mo bá lọ kí ìyá ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹ̀ nínú ilé yẹn, èmi náà á panu mọ́. Ọdún kan ẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Kí ni kí n ṣe?
Télọ̀ Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN
Àbúrò mi, o kú àrafẹ́rakù. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti kí ìyá ẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kí àwọn ẹbí, àmọ́ ta ló wá kí ìwọ ní ṣọ́ọ̀bù?

Má pa nǹkan kan rẹ́ o, jọ̀ọ́. Má bá ọkọ ẹ jà, ẹ̀rù ló ń bà á nítorí ẹ. Sọ fún un pé Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní 1980, Hárúnà Ìṣọ̀lá kú ní 1983, títí dòní ohùn wọn ṣì ń dún nínú mọ́tò, kò sẹ́ni tó ní dẹ́rẹ́bà ń bá òkú sọ̀rọ̀.

Ti ilé ìyá ẹ̀ yẹn, òkú ọ̀fọ̀ ni. Ẹni tó bá kú tí òbí ẹ̀ ṣì wà láyé, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ẹ̀, wọn kì í lu ìlù, wọn kì í sì í fẹ́ pe orúkọ ẹ̀ létí ìyá kí ọgbẹ́ má baà ṣí. Ó nídìí. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá kan tí ọdún mẹ́ta kọjá tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ ọmọ ẹ̀ níwájú ẹ̀, ọjọ́ tẹ́nì kan ṣèèṣì pè é, ńṣe ló di onítọ̀hún lọ́wọ́ mú, ó ní kó tún un pè. Torí náà bi mọ́mì yẹn ná, ìwọ àti òun nìkan, sọ pé, "Mọ́mì, ohùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi o, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ." Tó bá ní rárá, dákẹ́, má tún un sọ.

O lè máa rò pé ọ̀rẹ́ lásán ni ẹ́, kò kàn ẹ́. Wọlé Ṣóyínká lọ́rẹ̀ẹ́ kan n'Íbàdàn, Fẹ́mi Johnson, ọ̀gá onínṣọ́ránsì tó kọ́ Broking House. Jámánì ló kú sí ní 1987, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ṣóyínká ò gbà, wọ́n fà á títí wọ́n fi hú òkú náà, tí wọ́n gbé e wálé wá tún un sin n'Íbàdàn, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé ẹ̀ tó jáde ní 2006. Kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀ o, ọ̀rẹ́ ni.

Ohùn yẹn kì í ṣe tìẹ nìkan. Ọmọ tó jẹ́ ọdún 4 nígbà tí ìyá ẹ̀ kú lè máà rántí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ẹ ló wà. Lónìí yìí gan-an, kó gbogbo ẹ̀ sórí Google Drive, kó o tún kó o sínú mẹ́mọ́rì kan, torí fóònù ń bọ́ sómi, wọ́n ń jí i. Èyí tó bá jẹ́ àṣírí ẹ̀yin méjèèjì, yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Tọ́jọ́ ọdún kan ẹ̀ bá kù bí ọ̀sẹ̀ kan, gbé báàgì yẹn sílẹ̀, mú tépù ẹ dání lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà kó o tún un wọ̀n, torí á ti ga ju bí ìyá ẹ̀ ṣe gé aṣọ yẹn lọ, ibi tí ò bá tó, fi àǹkárá míì kún un nísàlẹ̀, kó o rán an parí, kó o gbé e lọ fún un.