Ta Ló Ń Mú Ọ̀mọ̀wé Tó Bá Yí Ìwádìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin 20 tó ń yan gàrí n'Íjẹ̀bú-Igbó ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún pírójẹ́ẹ̀tì mi, mo kọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ oníkálukú fi ń kan. Àfi bí mo ṣe rí i nínú jọ́nà kan, orúkọ sùpáfáísọ̀ mi nìkan ló wà níbẹ̀, 20 yẹn sì ti di 200! Ṣé ìjọba ò níbi téèyàn ti lè fẹjọ́ sùn ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Olè ni wọ́n jà, àmọ́ 200 yẹn ló ń bí mi nínú jù, torí ẹlòmí-ìn á gbára lé e. Ní Sweden, fásitì ló ń wádìí ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀, fásitì Karolinska sì dá dókítà Macchiarini, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó yí ìwádìí, láre lọ́dún 2015, ó di 2018 kí wọ́n tó ní ó jẹ̀bi. Látọdún 2020, ìgbìmọ̀ ìjọba ni wọ́n ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, adájọ́ ló sì ń ṣe alága ẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àbí ta ló ń dájọ́ ara ẹ̀? NHREC tiwa ńbí, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí, ìwádìí ìlera ni tiẹ̀, kì í ṣe ti gàrí. Torí náà, kó ìwé tó o fọwọ́ kọ àti ímeèlì yín jọ, má tíì gbé e sórí Facebook, kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà yẹn, kó o fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sọ́gà ẹ̀ka yín.