Ẹ Bi Ìyá Oníkẹ̀kẹ́: “Ọmọ Mi Ní Kẹ̀kẹ́ Lòun Fẹ́ Fi Jẹun”

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Oníkẹ̀kẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọkùnrin mi, ó sì ti ṣe ìdánwò WAEC tán. Dípò kó jókòó kàwé fún JAMB, orí kẹ̀kẹ́ ló ń wà tàárọ̀ tọ̀sán. Ó ní eré ìje kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ tí òun máa fi jẹun. Bàbá rẹ̀ fárígá, wọ́n ní ẹlẹ́mu ló ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn ò sì tíì rí ènìyàn dúdú tó di nǹkan kan nídìí rẹ̀. Ẹ bá wa dá sí i. — *Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, kí ẹ sì bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ẹlẹ́mu ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá di kẹ́ẹ̀gì ẹmu mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Ràlé onírin, tó gùn ún láti oko dé ọjà kí oòrùn tó mú, ẹsẹ̀ onítọ̀hún kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Tísà ló ń gùn ún, wolé-wolé ló ń gùn ún. Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ bá ṣe dáadáa lọ́dún kan á lọ ra tiẹ̀, gbogbo àdúgbò á sì wá wò ó. Ìgbà tí mọ́tò kún títì la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ pé tálákà ló ni ín.

Ní ti ènìyàn dúdú, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bí bàbá wa ṣe rò lọ. Lọ́dún 1899, ní ìlú Montreal, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ló di ọ̀gá gbogbo àgbáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ onímáìlì kan. Marshall Taylor lorúkọ rẹ̀, Major Taylor ni wọ́n ń pè é. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ bá a dúró lójú ibi ìdíje kan náà. Ó lówó, ó lókìkí, ó sá eré dé Yúróòpù àti Australia. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa kú ní Chicago lọ́dún 1932, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo sọ ìyẹn mọ́ ọn kí ọmọ yín lè gbọ́ apá kejì ìtàn náà lẹ́nu mi kó tó gbọ́ ọ níta. Ti Nelson Vails ló tún sún mọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ Harlem ni, ó ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ kiri New York bí àwọn díspáàṣì ṣe ń sáré l’Ékòó. Láti ẹnu iṣẹ́ yẹn ló ti di ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní Òlíńpíìkì Los Angeles lọ́dún 1984.

Ṣùgbọ́n Biniam Girmay ni mo fẹ́ kí ọmọ yín lọ kà nípa rẹ̀. Asmara, olú ìlú Eritrea, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 2000. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ó gba Gent-Wevelgem, ọ̀kan nínú àwọn eré ńlá ilẹ̀ Belgium. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà kan kò gba irú rẹ̀ rí. Àwọn oníròyìn rò pé á dúró gba òmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní rárá, ilé lòun ń lọ, ìyàwó àti ọmọbìnrin òun ń dúró de òun. (Mo fẹ́ràn ọmọ náà láti ọjọ́ yẹn.) Ní oṣù Karùn-ún, ó tún gba ìpele kan, ìyẹn eré ọjọ́ kan, nínú Giro d’Italia, eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ ti ilẹ̀ Ítálì, ní ìlú Jesi. Wọ́n gbé ìgò wáìnì fún un lórí pèpéle kó fi yọ̀, ìdérí rẹ̀ ta, ó bà á lójú, kò sì lè bá eré náà lọ mọ́. Gbogbo òkè Ítálì kò lé e sílé, ìdérí ìgò ló lé e. Lọ́dún 2024, ó gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, irú eré yẹn ti ilẹ̀ Faransé, ó sì wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé délé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá kó máàkì jù níbi ìparí àwọn ìpele àti láwọn ibi kan lójú ọ̀nà. Aláwọ̀ dúdú kankan láti Áfíríkà kò gba ìpele kan ṣoṣo níbẹ̀ rí kó tó dé.

Ohun tó ń dùn mí nìyí o. Ẹsẹ̀ àwọn ará Eritrea kò ju tiwa lọ. Lóòótọ́, Asmara wà lókè réré, ó ju ẹgbẹ̀rún méjì mítà lọ sókè òkun, èémí wọn sì le nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ìje ni wọ́n ní! Àwọn ará Ítálì ló gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ onílùú wá sọ ọ́ di tiwọn. Wọ́n á ti títì àárín ìlú pa, ìyá àti bàbá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọmọdé á máa wò. Lọ́dún 2015, Daniel Teklehaimanot, ọmọ ilẹ̀ wọn, wọ jẹ́sì aláàmì pupa róbótó-róbótó ti àwọn agunkè nínú Tour de France. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Girmay nígbà náà. Rwanda náà kò sùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Tadej Pogačar ará Slovenia ló gbégbá orókè láàárín àwọn ọkùnrin. Ẹni tó bá rí èrò tó tò sí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú náà á mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni wọ́n wá wò.

Àwa ńkọ́? A ní Ese Ukpeseraye, ọmọ ìpínlẹ̀ Delta. Ó sáré ojú títì fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024. Ìgbà tí eré ti ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé àyè ti wà fún un nínú eré inú gbọ̀ngàn náà, èyí tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ mìíràn sá pátápátá. Kẹ̀kẹ́ yẹn kò ní bíréèkì, jíà kan ṣoṣo ló ní, pẹ́dálì rẹ̀ kì í sì í dúró níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ṣì ń yí. Kò ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba lórí X. Ó gun kẹ̀kẹ́ àyálò, ó sì bá àwọn tó ti ń fi tiwọn dánra wò fún ọdún mélòó kan díje.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe JAMB. Kẹ̀kẹ́ kò sọ pé kó má kàwé. Kó wá lọ bá àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ yín, nítorí eré kẹ̀kẹ́ wà nínú ìdíje National Sports Festival, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ ti ń rí ọmọ. Ẹ má ra kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi fún un. Tí owó bá wà, owó ọkọ̀ tí á máa fi lọ síbi ìdíje ni kí ẹ fi ṣe. Ọmọ tó bá ń dá gun kẹ̀kẹ́ kiri Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè mọ̀ bóyá òun yára.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, kẹ̀kẹ́ ni mo sì fẹ́ máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní obìnrin tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ kì í rọ́mọ bí. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe àwọn ẹbí jọ. Èkejì, ìdí ń dùn mí gan-an. — *Nọ́ọ̀sì, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ọmọ mẹ́rin ni mo bí, orí kẹ̀kẹ́ ni mo sì wà kí n tó bí èyí àkọ́kọ́. Fi èyí han màmá àgbà: Lizzie Deignan, ará Gẹ̀ẹ́sì, bímọ lọ́dún 2018. Lọ́dún 2021, ó gba Paris-Roubaix, eré ọlọ́jọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin, lórí òkúta àti ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà lára hándù kẹ̀kẹ́ nígbà tó dé òpin. Ó tún bímọ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Tí wọ́n bá ní òyìnbó nìyẹn, sọ̀rọ̀ Kim Le Court fún wọn, ọmọ Mauritius. Ó ti gbìyànjú ní Yúróòpù, nǹkan ò lọ bó ṣe fẹ́, ó padà sí gúúsù Áfíríkà, ó ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè àti igbó níbẹ̀. Ó tún padà lọ lọ́dún 2024. Lọ́dún 2025, ó gba Liège-Bastogne-Liège, eré ńlá kan ní Belgium, ó sì wọ jẹ́sì yẹ́lò tí ẹni tó ń ṣáájú máa ń wọ̀ nínú Tour de France àwọn obìnrin, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Bọ̀wọ̀ fún wọn o, má bá wọn jiyàn nípàdé ẹbí. Gun kẹ̀kẹ́ rẹ.

Ìdí tó ń dùn ọ́ ló gba àlàyé. Jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan dì í mú fún ọ. Fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dálì tó wà nísàlẹ̀. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ nà tán láìjẹ́ pé ìdí rẹ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá ń yẹ̀, ìjókòó ti ga jù. Wo imú ìjókòó náà pẹ̀lú, kó má yọjú sókè. Ọ̀pọ̀ ìjókòó tó bá kẹ̀kẹ́ wá ló tín-ín-rín jù fún eegun ìdí obìnrin, nítorí náà wá èyí tó fẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn. Má gba èyí tó rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀, òun gan-an ló ń pa èèyàn lára tí ọ̀nà bá jìn. Tí o bá ra ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi fóòmù sí nídìí, má wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Rírán pátá ló ń bó èèyàn lára.

Ìbéèrè: Mo kí i yín o. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Mo dara pọ̀ mọ́ àwọn kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Sátidé. Bí a bá ti kúrò nílùú báyìí, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Ṣé ọjọ́ orí ni, àbí kẹ̀kẹ́ mi ni kò dáa? — *Alàgbà, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìdárayá. Afẹ́fẹ́ ni ẹ ń bá jà. Ẹni tó wà níwájú ló ń la afẹ́fẹ́; ẹni tó bá sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lè dín agbára tó ń lò kù tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tí eré bá le. Tí ẹ bá fi àyè mọ́tò kan sílẹ̀ láàárín, ẹ̀ ń dá gùn ún nìyẹn. Ẹ sún mọ́ wọn. Ẹ má wo táyà iwájú yín, èjìká ẹni tó wà níwájú ni kí ẹ máa wò. Tí wọ́n bá na ọwọ́ sísàlẹ̀ tàbí kígbe “kòtò!”, ẹ̀yin náà ẹ kígbe fún ẹni tó wà lẹ́yìn.

Níbi tiwa, iwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn la ti ń pàdé kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó gba Mọ́níyà kọjá lọ sọ́nà Ìṣẹ́yìn. Ẹni tó ń pa wá lẹ́kún jù ni fúlúkánáísà kan láti Òjòó. Ràlé ni tiẹ̀, irin gidi, kò ní jíà. Sílípáàsì ló ń wọ̀. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kò sẹ́ni tó lè já a sílẹ̀, nítorí pé láti kékeré ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ àti ẹ̀yìn èèyàn. Aya báńkà kan wà láàárín wa tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ìka méjì ló fi ń gbé e. Ó tún ń wá ohun ìgbé-ìgò tó fúyẹ́ ju èyí tó ní lọ, àmọ́ tó bá rí ẹni tó ń sun bọ̀ọ̀lì, eré parí. Katikíìsì wa kì í yára. Orin ìsìn ló ń kọ tá a bá ń gun òkè, gbogbo ẹsẹ orin, kí àwa tí kò léèmí mọ́ lè mọ̀ pé òun ṣì ní. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Mi ò já, àmọ́ mi ò gbé iwájú pẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú.

Nígbà tó bá di òkè, afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan ṣe níbẹ̀ mọ́, jíà ni. Ẹ bọ́ sí èyí tó fúyẹ́ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí pẹ́dálì bá ti wúwo. Tí ẹgbẹ́ yẹn bá tún fi yín sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹgbẹ́ tí kì í dúró de ẹni tó kẹ́yìn lórí òkè kò mọ nǹkan tó ń ṣe.

Ìbéèrè: Mà, kí ló dé tí àwọn ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ máa ń fá irun ẹsẹ̀? Ẹ̀rín ń pa mí o. — *Ọ̀dọ́mọkùnrin, Ọ̀tà*

Ìdáhùn: Tí o bá ṣubú lórí ọ̀dà, tí wọ́n ń fọ yanrìn kúrò nínú egbò rẹ, tí wọ́n lẹ pílásítà mọ́ ọn, tí wọ́n wá fà á yọ lọ́jọ́ kẹta, ìwọ fúnra rẹ ni wàá béèrè abẹ. Ó tún máa ń rọrùn fún ẹni tó ń fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn eré. Ní ti àwọn tí kò sáré ìdíje rí, tí wọ́n sì ń fá a, oge ni.