Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì àti eegun àwọn màmá wa

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, ẹ̀yin tẹ́ẹ béèrè bóyá sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí màmá yín ń lò látìgbà tí bàbá ti kú ló jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ wọn kán, àti bóyá kí wọ́n kúkú pa á tì. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ já a lójijì rárá. Màámi náà lò ó, Òkè Àdó ń'Bàdàn níbí la wà, ìbàdí tiwọn ló kán ní bàlùwẹ̀, ojú wa rí nǹkan.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ o. Inú ọpọlọ nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn rò pé serotonin, èròjà ara tí oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ lé lórí, wà, bẹ́ẹ̀ inú ìfun lara ti ń ṣe bíi 90 nínú 100 ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun náà sì ń lò ó. Ìwádìí kan jáde ní 2007 láti Kánádà, wọ́n wo àwọn tó lé ní 5000 tí wọ́n ti pé 50 ọdún sókè, ewu kí eegun kán tó bí ìlọ́po méjì lára àwọn tó ń lo irú oògùn yìí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra ẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn jẹun kó sì rìn dáadáa, nǹkan oṣù tó ti dúró náà ti kọ́kọ́ sọ eegun wọn di ẹlẹgẹ́, torí náà ẹ má di gbogbo ẹ̀ ru oògùn.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mójú tó jù ni òòyì. Màámi á dìde lóru láti lọ tọ̀, NEPA ti mú iná lọ, wọ́n á di ògiri mú, wọ́n á dúró títí ojú wọn á fi wálẹ̀. Àwọn ará ilé ní ogbó ni, àfìgbà tí dókítà kan ní ká yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, a rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an, oògùn yìí sì lè fa ìyẹn fáwọn àgbàlagbà, pàápàá obìnrin. Wọ́n dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi òmíì rọ́pò ẹ̀, ara wọn balẹ̀.

Tẹ́ẹ bá ti gbé màmá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun níbílẹ̀, ó lè to ọwọ́ náà o, àmọ́ kò lè sọ ìdí tó fi kán. Ẹ bi dókítà nípa scan DEXA tó ń wọn bí eegun ṣe lágbára tó, tí T-score, ìyẹn nọ́ńbà tó máa gbé jáde, bá ti di -2.5 tàbí tó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, oògùn eegun wà fún un. Ẹja yọyọ tí wọ́n ń rún teegunteegun náà dáa, oòrùn àárọ̀ náà dáa. Ẹ sọ fún dókítà eegun pé wọ́n ń lo sertraline, torí wọn kì í sábà béèrè.

Ṣé òòyì ń kọ́ màmá tí wọ́n bá dìde? Àti pé ṣé wọ́n ń lo oògùn tó ń múni tọ̀ mọ́ ọn, bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ fún mi lésì.