Ṣé Pọ́ńpù Epo Ló Kú Lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá ń ṣáná sí ọkọ̀ mi láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Tó bá ń gun òkè, ṣe ló ń mí gúlegúle. Lánàá, ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní pọ́ńpù inú táǹkì ló kú. Mo ní sípánà nílé. Ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ta ló gbọ́ ikú rẹ̀? Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ẹ má ṣáná, kí ẹ wá tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ńpù á kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2, á dákẹ́. Bí kò bá kùn rárá, fíúsì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo rílé (relay, ìyẹn súìṣì kékeré tó ń gbé iná fún pọ́ńpù). Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti sọ táǹkì ọkọ̀ kan kalẹ̀ rí, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, fíúsì tí kò tó èékánná ló jó! Oníbàárà yẹn kò mọ̀ títí dòní.

Bí iná 12 volt bá ń dé ojú wáyà pọ́ńpù, tí pọ́ńpù kò sì fọhùn, ó ti lọ nìyẹn. Bó bá ń kùn, ìyẹn kò ní kó lágbára; fílítà (asẹ́ epo) tó dí náà máa ń mú ọkọ̀ mí gúlegúle.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí epo inú táǹkì sì kéré. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju èyí tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ló ń rá mọ́ títí yóò fi bá iná pàdé. Ẹ yọ fíúsì pọ́ńpù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ ṣáná lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta kí agbára epo inú páìpù lè rọ̀, kí ẹ tó tú wáyà òdì (−) bátìrì.

Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn. Bí ìdérí pọ́ńpù kò bá sí lábẹ́ rẹ̀, táǹkì ni ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ jáàkì ilé, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá wà, ẹ gbá iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ dànù dáadáa. Ẹ ṣí i. Igi ni kí ẹ fi gbá òrùka tó de pọ́ńpù mọ́ táǹkì, kì í ṣe irin, torí ìtapàrà. Ẹ fà á jáde ní ẹ̀gbẹ́, kí apá tó ń wọn epo má baà wọ́.

Rọ́bà etí rẹ̀ ńkọ́? Tuntun ni kí ẹ fi sí i pẹ̀lú pọ́ńpù tuntun. Mo ti ṣahun lórí rọ́bà rí. Òórùn bẹntiróòlù ń bá mi wọ ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó mi ní kí n máa bọ́ aṣọ síta.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dá fíúsì àti wáyà bátìrì padà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí epo kún páìpù, ẹ wá ṣáná. Ẹ má dá ìjókòó padà o, àfi tí ojú àti imú yín bá ti yẹ etí rọ́bà yẹn wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.