Ẹ Bi Wá Nípa Bọ́ọ̀lù: Ka Point ní January, Sunkún ní May

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, ó sì jọ pé ẹ ti sá kúrò lọ́dọ̀ Arsenal àti Chelsea, League One àti League Two, ìpele kẹta àti ìkẹrin nínú líìgì England, lẹ kàn ń bèèrè ṣáá, inú mi sì dùn torí ibẹ̀ gan-an lèmi fúnra mi ń gbé. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Walsall lèmi àti ọkọ mi ń gbé. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn ló fà wọ́n wọnú ọ̀rọ̀ tíìmù ìlú yìí, láti May 2025 ni wọ́n sì ti ń sọ ọ́ pé "a fi point 12 ṣáájú, a ò gòkè," tí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán wọ́n á mí kanlẹ̀, wọn ò ní jẹun dáadáa. Èmi ò gbọ́ bọ́ọ̀lù rárá. Báwo lèèyàn ṣe máa fi point 12 ṣáájú tí ò ní gòkè? (Ìyàwó Olólùfẹ́ Walsall)

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní mo ní kí wọ́n ṣe ọkàn akin. Wọn ò purọ́ fún yín o. Ní January 2025, Walsall ló wà lókè League Two, point 12 ló wà láàárín àwọn àti ẹni tó tẹ̀lé wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín: tẹ́ẹ bá borí, point 3 lẹ máa gbà, tó túmọ̀ sí pé Walsall lè fìdí rẹmi ní match mẹ́rin, kí ẹni tó ń lé wọn borí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn. Ta ni ò ní máa jó?

Àmọ́ líìgì yẹn gùn. Match 46 ni, August dé May, nínú òjò, nínú yìnyín, Sátidé, Túsìdeè, Sátidé, Túsìdeè. January ò ju ìdajì lọ. Nǹkan míì sì tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan níwájú, Nathan Lowe, góòlù 15 ló ti jẹ fún wọn ní líìgì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ tiwọn, Stoke City ló yá wọn. January tó wọlé báyìí, Stoke pè é padà. Bíi kẹ́ẹ yá ìkòkò aládùúgbò fi se ìrẹsì àríyá ni, ìrẹsì ti ń hó, àlejò ti jókòó, aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn pé òun fẹ́ gba ìkòkò òun. Ẹ ò lè bá a jà, òun ló ni ín. Àwọn èèyàn ń bú kọ́ọ̀ṣì, èmi ò sí lára wọn, ìkòkò àyálò ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lójú tèmi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí tíìmù tí kì í yá èèyàn nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Bí ìborí ṣe gbẹ nìyẹn o. Draw, wọ́n nà wọ́n, draw. Doncaster kọjá wọn, Port Vale kọjá wọn. Wọ́n wá dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, 3 May, ipò kẹta nìkan ló kù tó lè gòkè tààrà, Walsall àti Bradford ló ń dù ú. Walsall lọ sí Crewe, wọ́n borí 1-0, wọ́n ṣe tiwọn. Bradford wà nílé pẹ̀lú Fleetwood, òfo sí òfo, tó bá parí bẹ́ẹ̀ Walsall ti gòkè nìyẹn. Ìṣẹ́jú 90 pé. Rẹfirí fi àfikún sí i. Ní ìṣẹ́jú 96, ẹ gbọ́ mi dáadáa, 96, bọ́ọ̀lù fara kan ẹsẹ̀ Antoni Sarcevic ó sì wọlé. Bradford 78, Walsall 77. Ọkọ yín ò lè jẹun lóòótọ́.

Kò tíì tán o. Wọ́n bọ́ sí play-off, ìyẹn ìdíje kékeré tí àwọn mẹ́rin tó tẹ̀lé àwọn tó gòkè tààrà máa ń gbá fún àyè kan tó kù, wọ́n na Chesterfield, wọ́n dé Wembley, AFC Wimbledon tó parí ní ipò karùn-ún, tó wà lẹ́yìn wọn lórí tábìlì, ló na wọ́n 1-0. Nítorí náà tí wọ́n bá mí kanlẹ̀, ẹ fún wọn lómi tútù, ẹ má bèèrè nǹkan kan.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹni tó ṣe ipò kẹta ní League Two máa ń gòkè tààrà, tí ẹni tó ṣe kẹta ní Championship, ìpele kejì, á tún lọ gbá play-off? Ẹ̀tanú ni àbí kí ni? (Olùkọ́, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Kì í ṣe ẹ̀tanú sà, iye àyè tó ṣí lókè ni. Premier League máa ń já mẹ́ta sílẹ̀, torí náà méjì ń gòkè tààrà, ẹ̀kẹta ń ti play-off wá. League One ń já mẹ́rin sílẹ̀, ni League Two fi ń rí mẹ́ta rán lọ tààrà, ọ̀kan láti play-off. 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ play-off yìí, kí líìgì má baà tutù ní April fún àwọn tó wà láàárín. Ó ń gbóná, mo gbà, àmọ́ ìkà ni.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń ta pool ní Mushin níbí. Bury, Rochdale, Scunthorpe, Macclesfield, mo mọ gbogbo wọn lórí kúpọ́ọ̀nù bí ẹní mọ ọmọ àdúgbò. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́ báyìí. Ṣé wọ́n ti kú ni? (Bàbá Pool)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ káàsán sà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rántí bàbá tèmi. Wọ́n mọ Hartlepool kí wọ́n tó mọ Manchester. Wọn ò mọ apá ibi tí Accrington wà láyé yìí àmọ́ wọ́n á búra fún yín pé draw ni lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, rédíò á wà létí wọn, pẹ́ńsù á wà lọ́wọ́, èsì match á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti London, ọmọ tó bá wúkọ́ nílé lásìkò yẹn, ó ti rí ìjà. Tó bá sì di àsìkò tí òyìnbó wà lọ́lidé, match Australia ni wọ́n á máa ta. Ìyá mi ní àwọn ò rí owó tó wọlé rí.

Ẹ wá gbọ́ ti Bury. Ọdún 1885 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba FA Cup, 1900 àti 1903, ti 1903 yẹn 6-0 ni wọ́n na Derby. Ó wá di 2019, wọ́n ṣe ipò kejì ní League Two, wọ́n gòkè, ìlú yọ̀. Gbèsè ló wà nísàlẹ̀ ayọ̀ yẹn. Ẹni tó ni ín ò lè fi owó hàn fún EFL tó ń darí líìgì náà pé òun á gbé e dé ìparí sáà, ó di 27 August, wọ́n lé wọn kúrò nínú líìgì pátápátá. Ní May ẹ gòkè, ní August ẹ ò sí mọ́! Wọn ò tiẹ̀ gbá match kan ní League One tí wọ́n gòkè lọ yẹn. Àwọn fáànù ti tún kó ara wọn jọ, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù padà ní Gigg Lane, pápá wọn, báyìí, àmọ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni, ibi tí pool kì í dé.

Macclesfield náà, ilé ẹjọ́ ló tì í pa ní 2020, wọ́n tún un dá sílẹ̀, wọ́n sì ń gùn ún bọ̀, kódà January 2026 ni wọ́n na Crystal Palace tó gba FA Cup lọ́dún tó ṣáájú jáde nínú FA Cup ọ̀hún. Scunthorpe já ní 2022, Rochdale já ní 2023, National League tó wà lábẹ́ League Two ló gbé wọn mì. Wọn ò kú sà, wọ́n kàn kó kúrò ní àdúgbò ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe owó Hollywood nìkan ló gbé Wrexham gòkè? Roommate mi ní ẹ̀mí ni, mo ní owó ni, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. (Stúdẹ́ǹtì, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Àbúrò, owó ni. Má jẹ́ kó tàn ẹ́ jẹ. Ọdún 15 ni Wrexham lò ní non-league, ìyẹn ìsàlẹ̀ League Two, àwọn fáànù ló ń dáwó tọ́jú ẹ̀ nígbà kan, February 2021 ni Ryan Reynolds àti Rob McElhenney rà á. 2023 wọ́n gòkè, 2024 wọ́n gòkè, 2025 wọ́n gòkè, kò sẹ́ni tó ṣe mẹ́ta léra wọn bẹ́ẹ̀ rí nínú líìgì márùn-ún tó wà lókè ní England. Agbábọ́ọ̀lù tí àwọn tíìmù tó wà níbẹ̀ ò lè san owó oṣù wọn, Wrexham ń san án.

Ṣùgbọ́n roommate ẹ náà ní tiẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀, torí ọdún 2023 yẹn, Notts County ní point 107, ọ̀gọ́rùn-ún lé méje, wọn ò sì gòkè tààrà, torí Wrexham ní 111 àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gòkè tààrà láti National League. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní April, 3-2 ni, Wrexham ló wà níwájú, pẹnáritì ni fún Notts County nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ben Foster tó ti rẹ́táyà, tí wọ́n lọ pè padà, ló wà ní góòlù. Ó mú un. Owó ló lọ pe Foster, ó dáa, àmọ́ ọwọ́ Foster ló mú bọ́ọ̀lù. Notts County wá gba play-off, wọ́n fi pẹnáritì na Chesterfield ní Wembley. Ká ní wọ́n pàdánù, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún èèyàn tó ní point 107.

Tó o bá sì fẹ́ rí àwọn tí ò lówó, lọ wo Luton. Ní sáà 2008/09 wọ́n yọ point 30 lọ́rùn wọn kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n já sí non-league, ọdún márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. May 2023 wọ́n fi pẹnáritì na Coventry, wọ́n wọ Premier League. Elijah Adebayo wà nínú wọn, Gabriel Osho wà nínú wọn, orúkọ wa ni. Ṣé o mọ pápá wọn, Kenilworth Road? Ẹnu ọ̀nà àwọn àlejò gba abẹ́ ilé onílé kọjá ní Oak Road, tó o bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ìjókòó ẹ, o máa wo ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn nísàlẹ̀, ẹni tó sá aṣọ, ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Manchester City wá gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n já ní 2024, wọ́n tún já ní 2025, wọ́n padà sí League One. Owó ló ń múni dúró lókè, ìyẹn lo máa sọ fún roommate ẹ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Thamesmead la wà. Academy kan já ọmọ mi sílẹ̀, ọmọ ọdún 18 ni. Tíìmù non-league kan ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, bàbá ẹ̀ ní ìtìjú ni, kó lọ yunifásítì. Kí lẹ rí sí i? (Màmá Ọmọ Bọ́ọ̀lù)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, Màmá. Bàbá ẹ̀ ò jẹ̀bi, àmọ́ ìtìjú kọ́. Joe Aribo, Staines Town ló wà, non-league ni, kí Charlton tó mú un ní 2015, ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Thamesmead ẹ mọ̀ pé Charlton ò jìnnà sí yín. Ó wà nínú àwọn tó na Sunderland ní Wembley ní 2019, góòlù Patrick Bauer nígbà tí àkókò ti tán, ibẹ̀ ló gbà lọ sí Rangers, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ademola Lookman náà, ọmọ Peckham, Charlton yẹn náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 2016 tí wọ́n já sí League One ó ṣì wà níbẹ̀, 2024 ló di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ẹ má gbàgbé Adebayo Akinfenwa. Ní 2016 ó gbá pẹnáritì sáwọ̀n fún Wimbledon ní Wembley, wọ́n gòkè, ó dúró níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n pé òun ò níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí o, kọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ òun kó WhatsApp òun. Wycombe ló gbà á, ó sì bá wọn dé Championship.

Àwọn tó rí i ṣe lèmi dárúkọ yẹn o, àwọn tí ò rí i ṣe pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Non-league kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe training. Torí náà kó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì tó wà nítòsí, kó máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ohun tí Bàbá fẹ́ àti ohun tí ọmọ fẹ́, ọjọ́ méje tó wà nínú ọ̀sẹ̀ gbà á.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin fúnra yín, tíìmù wo lẹ ń ṣe? Ẹ má dọ́gbọ́n sí i. (Ọmọ Èkó)

Ìdáhùn: Leyton Orient. Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pápá wa, fúláàtì ni, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa ń jókòó sí báńkóní wo match lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. 2014, a fi 2-0 ṣáájú Rotherham ní Wembley, a pàdánù. 2017, a já kúrò nínú líìgì lẹ́yìn ọdún 112. 2019, Justin Edinburgh gbé wa padà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ó kú, ọmọ ọdún 49. May 2025, a tún dé Wembley, Charlton na wá 1-0, free kick. Mo wà níbẹ̀, òjò ò tiẹ̀ rọ̀ kí n rí nǹkan dá lẹ́bi.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé tó ń bọ̀.