Ọmọ mi ò tíì mọ A-B-D, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ti ń ka wán dé twẹ́ńtì

Ìbéèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí wa. Leeds la wà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù 19. Èmi àti bàbá ẹ̀ nìkan là ń tọ́ ọ, kò sí ìyá kò sí ẹ̀gbọ́n nítòsí, ṣífùtì alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, bàbá ẹ̀ ń ṣe ti ọ̀sán, ẹni tó bá ti wọlé ni èkejì máa gbé ọmọ fún kó tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tiẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju tèmi lọ, ó ti ń ka A dé Z, ó ń ka wán dé twẹ́ńtì, ó ní káàdì aláwòrán àti fídíò orí tábúlẹ́ẹ̀tì lòun fi kọ́ ọ. Tèmi ò mọ̀ ju "omi", "gbé mi", "ó tì", "bye-bye" àti àwọn mélòó kan bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan ní nọ́sìrì tún wá sọ fún mi pé ká má sọ Yorùbá sí i mọ́, pé òun ló ń dà á láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa kọ́ ọ nílé, tó sì jẹ́ pé ó máa ń ti rẹ̀ mí kí n tó wọlé? Ṣé kí n ra káàdì yẹn ni?

Ìyá Tóbi

Ìdáhùn:

Ìyá Tóbi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Bàbá ìbejì ni mí, Milton Keynes la wà, àwọn ìbejì wa ti pé ọdún 5. Ìyàwó mi náà ti ṣe ṣífùtì alẹ́ rí, mi ò ní í wá kó iṣẹ́ míì lé yín lórí.

Ẹ má ra káàdì kankan. Kì í ṣe pé mò ń bú ọmọ ọ̀rẹ́ yín o, Ọlọ́run á wò ó dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tó ń ka wán dé twẹ́ńtì, orin ló ń kọ, kò tíì mọ iye. Ẹ ní kó lọ mú ṣíbí méjì wá, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá gbogbo ṣíbí kọ́ ló máa kó wá. Ibi tí iye ti ń wọ ọmọ lórí ni ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wọ bàtà fún un, tẹ́ ẹ ní "ẹsẹ̀ kan rèé, ìkejì dà?", tàbí tẹ́ ẹ jọ ń gun àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ̀ ń kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tàbí tẹ́ ẹ bá ń pín dòdò, ọ̀kan fún dádì, ọ̀kan fún Tóbi, ọ̀kan fún mi. Ẹ má kánjú kọjá ẹ̀wá rárá. Tó bá tó ọmọ ọdún mẹ́ta tó lè fi ìka kan nǹkan mẹ́rin márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan láì fo ìkankan, ó ti ṣe bẹbẹ.

Ọ̀rọ̀ obìnrin nọ́sìrì yẹn ló bí mi nínú jù. Pé èdè méjì ló ń jẹ́ kí ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ìtàn àtijọ́ nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn speech therapist, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tó níṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, fúnra wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa sọ èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ iye ọ̀rọ̀ tó ní, ẹ ka ti Yorùbá mọ́ ti òyìnbó, àpapọ̀ ẹ̀ niye ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Ìlànà tí gbogbo nọ́sìrì ní England gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, tí wọ́n ń pè ní EYFS, wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ gbangba pé kí wọ́n wá bí ọmọ tí èdè ilé ẹ̀ kì í ṣe òyìnbó ṣe máa lo èdè ilé ẹ̀ níbi eré àti ẹ̀kọ́. Kí ó gbọ́ òyìnbó dáadáa kó tó wọ iléèwé, iṣẹ́ tiwọn náà nìyẹn, wọ́n ń gbowó lé e. Ẹ̀yin, èdè tẹ́ ẹ fi ń ṣeré tẹ́ ẹ sì fi ń bínú ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀, torí tẹ́ ẹ bá bọ́ sí òyìnbó tipátipá, "come", "stop it", "eat your food" náà lẹ máa máa tún sọ látàárọ̀ dalẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ ọ̀hún? Tó bá nawọ́ sí nǹkan, ẹ wo ibẹ̀, ẹ fèsì. Tó bá ní "omi", ẹ ní "omi tútù lo fẹ́ àbí, ó dáa, màmá ń bu omi bọ̀", ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn gan-an ni àwa àgbà ò mọ̀ ọ́n ṣe, a ti sọ tiwa a tún ti bá ọmọ sọ tiẹ̀. Ẹ ka ení dé àrún nínú ikùn yín kẹ́ ẹ tó tún lanu.

Ẹ ò nílò àkókò kíláàsì kankan. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ ti tó, ẹ máa pe imú, etí, orúnkún, gìgísẹ̀, ẹ fún un ní kọ́ọ̀pù méjì kó máa da omi láti inú ọ̀kan sínú èkejì, ó ti kún, ó ti tán, ó ṣófo. Ẹ máa fi oríkì ẹ̀ kí i bẹ́ ẹ bá ń fi òróró pa á lára, ẹ wò ó bí ojú ẹ̀ ṣe máa ń rí. Tẹ́ ẹ bá ń ká aṣọ, ẹ da sọ́kìsì sílẹ̀ kó wá ìkejì ẹ̀, bí ọmọ ṣe ń kọ́ pé eléyìí jọ ìyẹn nìyẹn, ìṣirò wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ jẹ ẹ̀bà, bó bá tiẹ̀ máa fi kun ara ògiri, ìka tó ń gé òkèlè ló máa di pẹ́ńsùlù mú lọ́la. Àmọ́ ẹ̀wà ṣíṣà tí àwọn ìyá wa máa ń fi kọ́ ọmọ nílé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ títí tó fi máa ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n máa ń kó o sí, èyí pupa tí wọ́n ń pè ní kidney beans tún lóró nígbà tí kò bá tíì jiná.

Nǹkan kan wà tí ọmọ ilé máa ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tí tiwa níbí kì í rí kọ́, òun ni "o" àti "ẹ". Nílé, ọmọ ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe ń dá ìyá lóhùn, bí aládùúgbò ṣe ń kí bàbá àgbà. Níbí, gbogbo Yorùbá tó ń gbọ́, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ sí: wá, jókòó, jẹun, fi sílẹ̀. Ó wá gbé e bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà lórí fóònù, "wá ńbí", ìyá àgbà ní ẹ ò kọ́ ọmọ yín lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ò ṣẹ̀ o, ibo ni kó ti gbọ́ ọ? Tẹ́ ẹ bá ń kí màmá yín ẹ fi fóònù sórí sípíkà, kó máa gbọ́ ẹ káàárọ̀ mà, ẹ ṣé mà, ṣé ẹ ti jẹun. Èmi àtìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bára wa sọ̀rọ̀ lójú àwọn ìbejì, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń pa wá, àmọ́ ó wọ̀ wọ́n lára.

Fídíò ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ọmọ ọdún kan kò yẹ kó máa jókòó wo tẹlifíṣàn tàbí fóònù rárá, tó bá pé ọdún 2, kó má ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́, bó bá ṣe kéré sí ló ṣe dáa tó. Mo mọ̀ pé ọjọ́ míì á wà tó jẹ́ fídíò ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí àyè wẹ̀, ẹni tó bá máa dá yín lẹ́bi kó wá bá yín gbọ́mọ ná. Ní tèmi, fídíò kọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìyá àgbà ò sí lára ẹ̀, èèyàn tó ń dáni lóhùn nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn aago tiwa àti ti Nàìjíríà dọ́gba, nígbà òtútù wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa, kò ṣòroó ṣètò.

Ìwé náà, ẹ lọ gba káàdì láíbìrì fún un, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ ọwọ́ pàápàá ń gbà á. Kẹ́ ẹ má dààmú wá ìwé Yorùbá, ẹ ṣí ìwé òyìnbó tó láwòrán, ẹ fi Yorùbá sọ ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, ajá rèé, ó ń sá lọ, ta ló ń lé e. Tó bá fẹ́ ká ka ìwé kan náà títí ó fi sú yín, ẹ kà á.

Health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìlera àwọn ọmọdé, máa yẹ̀ ẹ́ wò tó bá ti wà láàárín ọdún 2 sí ọdún 2 ààbọ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè é látẹ̀yìn tí kò yíjú, tàbí ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí ó pé ọdún 2 tí kò tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ bíi "bọ́ọ̀lù dà", ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ pè wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí ẹ̀ wò.

Fún ti nọ́sìrì, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń sọ sórí bébà kan, omi, gbé mi, ó tì, ìtọ̀, kẹ́ ẹ kọ ìtumọ̀ ẹ̀ síwájú, kẹ́ ẹ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ gan-an. Tí obìnrin yẹn bá tún sọ̀rọ̀, ẹ ní kó mú EYFS wá kẹ́ ẹ jọ kà á.