Ìbéèrè Yín Lórí Èdè: Bí Nǹkan Bá Rí Yín Lára Lédè Kòríà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Èdè Kòríà ni mò ń kọ́. Olùkọ́ mi, tó jẹ́ ọmọ Kòríà, bi mí bóyá mo fẹ́ràn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó lọ́ràá, mo sì dáhùn pé “geukhyeom”. Ojú rẹ̀ yí padà. Kí ló burú níbẹ̀, kí ni ǹ bá sì ti sọ?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ náà ti le jù fún oúnjẹ, kò sì yẹ lójú olùkọ́. Ìkékúrú ni. “Geuk” ni ohun tó dé góńgó. Inú “hyeomo” ni “hyeom” ti jáde, ìyẹn ìríra tó ti di ìkórìíra. “Hyeomo” yìí kan náà ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìkórìíra sí obìnrin. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi geukhyeom ṣàwàdà láàárín ara wọn, pàápàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àrífín ni níwájú àgbà. Ẹ tiẹ̀ fi “yo” ọ̀wọ̀ kún un, kò ní rọ̀.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń rí yín lára gan-an. Ọ̀rá ẹran náà ni, àbí? “Neukkihada” ló ni ìyẹn. Ẹ sọ pé: “Jeohanteneun jom neukkihaeyo.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lẹ́nu tèmi, ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. “Jom” yẹn, tó túmọ̀ sí díẹ̀, ló ń pẹ̀rọ̀ sí gbólóhùn náà. Ẹ má yọ ọ́. “Neukkihada” yìí kan náà ni wọ́n ń sọ sí ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀ sí obìnrin ti kọjá àlà.

Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, ejò, ohun tí ara fi ń bù máṣọ: “jinggeureowo”. Ìdọ̀tí: “deoreowo”. Bí ọmọdé bá fẹ́ mú nǹkan ilẹ̀ sẹ́nu, “Jiji!” ni ìyá rẹ̀ á ké.

Ti èèyàn ló gba ìṣọ́ra jù. “Bammat tteoreojyeo” ni pé ìwà ẹni náà kò jẹ́ kí oúnjẹ wuni jẹ mọ́. Bí ẹnì kan bá ń ṣe àṣehàn débi pé ojú ń ti ẹni tó ń wò ó, “ogeulgeoryeo” ni, bí ẹni pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ká jọ. Àmọ́ ẹ jìnnà sí “chung”, kòkòrò, tí àwọn kan ń so mọ́ ìdí orúkọ ẹgbẹ́ èèyàn. Èébú gidi ni, ó sì ń dunni.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe máa pe “uwek”?

ÌDÁHÙN: Ìró èébì ni. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń fi “i” kún ìparí rẹ̀, á di “uweki”. Ẹ fi ẹ̀yìn ahọ́n dí ọ̀nà ọ̀fun fún “k”, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má tú u sílẹ̀. Ní ti “eu” inú jinggeureowo, ẹ fẹ ètè bí ẹni fẹ́ pe “i”, kí ẹ wá pe “u” láì ká ètè jọ. Bí ẹ bá ń tẹ uwek ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, 우웩 ni; bó bá rí yín lára gan-an, ẹ fà á gùn: 우웨에엑.